Ta Ló Ni Aláìsàn Lójú Ọ̀nà?

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Iléṣà níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, àgbẹ̀bí, ọlọ́jà, ọlọ́kadà àti àwọn aṣáájú ẹ̀sìn. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà nìyí, díẹ̀ ni mo tún tò kó lè ṣeé kà.

Mo kí Kábíyèsí nípasẹ̀ àwọn olóyè tó ṣojú wọn. Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo kí ẹ̀yin baálẹ̀ tẹ́ ẹ ti oko wá, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ kú ọjà, ẹ kú àìjókòó. Ẹ̀yin ọ̀gá mi tí a jọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo rí yín o. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ̀yin ọlọ́kadà tẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ẹni tó fẹ́ sá lọ, ẹ dákun ẹ wá jókòó síwájú, torí ọ̀rọ̀ yín pọ̀ lẹ́nu mi lónìí. Àti ẹ̀yin ìyá àgbẹ̀bí: kí n lè kí yín dáadáa ni mo ṣe fi yín sí ìkẹyìn. Ẹ káàbọ̀. Mo kí gbogbo wa pátá, Ìjẹ̀ṣà ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ.

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí gbogbo àwọn tọ́rọ̀ ìlera kàn ṣe lè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ kí àìdọ́gba inú ìlera wa lè dínkù. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kalẹ̀. Ọmọ méjì, wọ́n bí wọn lọ́jọ́ kan náà nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀kan, àárín ìgboro Iléṣà ni wọ́n bí i sí, ìkejì, abà kòkó kan lẹ́yìn Ìpéríndó. Kí ló dé tí ẹ̀rù ti abà fi ń bà wá ju ti ìgboro lọ kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún? Ṣé Ọlọ́run ló yàn án bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn ló yàtọ̀? Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bí ẹnìkan ò bá ní. Àwa ń jẹ, a ń nu ọwọ́, ẹnìkan ò ní.

Ìṣirò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde fún ọdún 2023 ní nǹkan bí obìnrin 75,000 ló bá oyún àti ìbímọ lọ ní Nàìjíríà lọ́dún kan ṣoṣo yẹn. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin irú ikú bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ayé lọ. Mo mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ irú iye yìí rí, etí wa ti di sí i. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í: nínú 75,000 yẹn, aya ọlọ́lá mélòó ló wà níbẹ̀? Ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n mélòó? Ẹ mọ̀ ọ́n. Ìyàwó àgbẹ̀ ni, ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ni, alágbàṣe ni.

Ìwé tó wà ní ẹnu aṣọ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan. Ó ṣojú mi. Mi ò ní dárúkọ ọsibítù, mi ò sì ní dárúkọ obìnrin náà.

Aboyún kan ni, abà kan lápá Ọ̀ṣú ló ti wá. Ó forúkọ oyún sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé tó wà nítòsí wọn, bó ṣe yẹ kó ṣe. Lọ́jọ́ kan tó lọ fún àyẹ̀wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ní orí ń fọ́ òun, ojú òun sì ń ṣe bàìbàì. Òṣìṣẹ́ ìlera tó wà níbẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, ó rí i pé ó ti ga jù. Ó kọ ìwé fún un pé kó máa lọ sí ọsibítù ńlá. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Obìnrin yẹn ká ìwé náà wẹ́wẹ́, ó so ó mọ́ ẹnu aṣọ pẹ̀lú owó ọ̀kadà, ó gba ilé lọ. Ọkọ wà lóko. Ta ni yóò gbé owó ọsibítù sílẹ̀? Ìyá ọkọ ní ẹsẹ̀ wíwú kì í ṣe tuntun, ẹsẹ̀ òun náà wú nígbà oyún ọkọ rẹ̀. Kò purọ́. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbẹ̀bí. Ìyá yẹn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó po àgbo fún un, ó fi òróró pa á lẹ́sẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìwé kan wà. Aboyún náà rò pé ìwé ọsibítù, ọsibítù ló ni ín.

Gìrì mú un lóru. Ọlọ́kadà tí wọ́n kọ́kọ́ jí ní òun ò gbé ẹni tó ń gbọ̀n, kó má lọ kú mọ́ òun lẹ́yìn, kí ọlọ́pàá máa wá bi òun ní ohun tí òun ò mọ̀. Ìkejì gbà láti gbé e. Nígbà tí wọ́n fi dé ọsibítù, wọ́n béèrè káàdì, wọ́n béèrè owó, wọ́n kọ nǹkan sínú bébà pé kí wọ́n sáré lọ rà á wá ní kẹ́mísì. Abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà lára rẹ̀. Láti 1995 ni ìwádìí ńlá ti fi hàn gbogbo ayé pé òun ló borí fún gìrì aboyún, síbẹ̀ èèyàn ṣì ń sáré òru lọ rà á. Ìgbà tí a ń tú aṣọ rẹ̀ ni ìwé yẹn bọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú náírà tó ti rún. Mo ṣí i. Ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀ ti lé lọ́sẹ̀ kan.

Ìyá là á já. Ọmọ ò là á já.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dájọ́. Ta ló jẹ̀bi? Òṣìṣẹ́ ìlera ṣe àyẹ̀wò, ó kọ̀wé. Ìyá ọkọ sọ ohun tó mọ̀. Àgbẹ̀bí gba àlejò. Ọlọ́kadà kejì gbé e. Ọsibítù gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, oníkálukú á ní òun ṣe tòun, òótọ́ ló sì sọ! Ohun tó pa ọmọ yẹn kò sí nínú ilé kankan nínú ilé wọn. Àárín ilé kan sí èkejì ló wà. Ìbéèrè tí mo gbé wá síbí rèé, kò sí òmíràn lọ́wọ́ mi: ta ló ni aláìsàn lójú ọ̀nà?

Torí olówó náà a máa ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún. Àmọ́ tirẹ̀, ọkọ̀ wà níta, fóònù wà lọ́wọ́, àbúrò ọkọ rẹ̀ mọ dókítà. Ẹni tó máa tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì ti wà nílẹ̀. Tálákà ló ń dá rìn. Ẹ ò rí i pé àìdọ́gba tí à ń sọ yìí, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú oògùn. Oògùn kan náà ni.

Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì, Thaddeus àti Maine, kọ ọ́ pé ìdádúró mẹ́ta ló ń pa aboyún: ìdádúró kí wọ́n tó pinnu láti kúrò nílé, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ọsibítù. Ẹ wo ìtàn wa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé síbẹ̀. Ta ló ni kọ́kọ́rọ́ ti àkọ́kọ́? Baálé ni, ìyá ọkọ ni, pásítọ̀ ni, àlùfáà ni, àgbẹ̀bí ni. Ta ló ni ti ìkejì? Ọlọ́kadà, àti ìjọba ìbílẹ̀ tó ni títì oko. Ìkẹta nìkan ló jẹ́ ti àwa aláṣọ funfun, mo ní ti ọsibítù o, kì í ṣe ti Sẹ̀lẹ́. (Ẹ̀rín.) Síbẹ̀ bí a bá fẹ́ ṣèpàdé lórí ìlera, ta la máa ń pè? Àwa aláṣọ funfun nìkan. A ó jókòó, a ó jẹ mípáì, a ó sọ̀rọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́ méjì tí kò sí lọ́wọ́ wa.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe. Ní 2022, òfin kan ní England so ọsibítù, dókítà àdúgbò, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú pọ̀ sábẹ́ àjọ 42 káàkiri ilẹ̀ wọn, torí àwọn náà rí i pé aláìsàn ń bọ́ sáàárín. Àwọn tó lówó nìyẹn.

Ìmẹ̀sí-Ilé ti kọ́ wa tẹ́lẹ̀

Ẹ má rò pé òkè òkun ni mo ti fẹ́ gbé ọgbọ́n wá. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà níbí ló ti jáde lọ sókè òkun.

Láàárín 1956 sí 1961, dókítà ọmọdé kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, ṣiṣẹ́ ní Wesley Guild, ọsibítù tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀ ní Iléṣà yìí. Ìṣòro tó bá pàdé ni pé ọmọ tí wọ́n bá fi máa gbé wá, ọ̀rọ̀ á ti bọ́ sórí. Èèyi á ti bà á jẹ́, ìgbẹ́ gbuuru á ti fa omi ara rẹ̀ tán, àìjẹunrekánú á ti mú irun orí rẹ̀ pọ́n. Kí ló ṣe? Ó gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ. (Àtẹ́wọ́.) Ẹ̀yin ará Ọbòkun, mo mọ̀ pé ẹ máa pàtẹ́wọ́.

Ní Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ṣí kílíníkì fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Nọ́ọ̀sì ló ń darí rẹ̀, wọn ò jókòó de dókítà. Ọmọ tó ń ṣàìsàn àti ọmọ tí ara rẹ̀ le, ibì kan náà ni wọ́n ń gbé wọn wá. Abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwọ̀n, oògùn àti ọ̀rọ̀ oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan, lọ́jọ́ kan náà, kí ìyá má baà pa oko jẹ nígbà mẹ́ta torí ọmọ kan.

Káàdì kan wá wà, òun gan-an ni mo ń bọ̀ wá bá. Wọ́n fa ìlà sí i. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, wọ́n á fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n ọmọ dé, wọ́n á so àwọn àmì náà pọ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bó bá ń lọ gbọọrọ láìgòkè, ewu ti wọlé kí ojú tó rí i. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B á wo ìlà, á sì mọ̀ pé ìlà yìí ti wọ́lẹ̀. Ta ló wá ń tọ́jú káàdì náà? Ìyá ọmọ ni! Ilé ló ń gbé e lọ. Ibi tí ọmọ bá ń lọ, káàdì ń bá a lọ, nọ́ọ̀sì tó bá sì pàdé rẹ̀, níbi yòówù kó jẹ́, á mọ ibi tí ọmọ ti ń bọ̀. Àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé kò sọ ọ́ nù. Káàdì yẹn rin ayé já. Káàdì ìdàgbàsókè ọmọ tí ẹ ń rí kiri ní Áfíríkà àti Éṣíà, ìran rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ayé pàdé ní Alma-Ata, ìlú kan ní ilẹ̀ Soviet Union ìgbà náà, ní 1978 lórí ìlera alábọ́ọ́dé, tí Olikoye Ransome-Kuti sì wá gbé e kiri Nàìjíríà nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992. Ìyẹn ẹ ti mọ̀, mi ò ní fi dà yín láàmú.

Ẹ jẹ́ ká fi káàdì Ìmẹ̀sí wé ìwé tó bọ́ láti ẹnu aṣọ obìnrin wa. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún tún jẹ́ ìkékúrú: BP, ref., àti lẹ́tà mẹ́ta kan tí dókítà nìkan lè túmọ̀. Ẹni tó gbé e ò lè kà á. Ìyá ọkọ ò lè kà á. Àgbẹ̀bí ò lè kà á. Ọlọ́kadà tó mọ̀wé díẹ̀ gan-an ò lè kà á. A kọ ìwé nípa ẹ̀mí obìnrin, a fi pamọ́ fún obìnrin. Kí ló ṣòro nínú ká ṣe káàdì pupa? Pupa fòò, tó tóbi tó ọwọ́, ká kọ ọ́ sí i ní Yorùbá pọ́ńbélé pé: "Ẹni yìí ò gbọdọ̀ sùn sílé lónìí." Kí nọ́ńbà fóònù ẹni tó kọ ọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ́nikẹ́ni tó bá rí i, ì báà jẹ́ ọmọ ilé ìwé, mọ ohun tó kàn. Ìtẹ̀wé irú káàdì bẹ́ẹ̀ kò tó owó aṣọ ẹbí òkú kan.

Ẹ̀yin àgbẹ̀bí, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Ní ìlú tiwa yìí, ọsibítù àti àdúrà ló jọ tọ́ wa dàgbà. Wesley Guild ti wà níbí tipẹ́ kí ìsọjí ńlá 1930 tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Ooyè, tí àwọn èèyàn ń gbé omi wá kí wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí i. Láti ìgbà náà, èwo nínú ilé wa ni kò ní ẹni tó gba abẹ́rẹ́ láàárọ̀, tó mu omi àdúrà lálẹ́, tí ìkòkò àgbo sì wà lẹ́yìn ilé? Ẹ má dá mi lóhùn. Ẹ kàn wo ara yín.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ńlá 2018 ní Nàìjíríà, nǹkan bí ọmọ 39 péré nínú 100 ni wọ́n bí sí ilé ìwòsàn. Ìhà ọ̀dọ̀ tiwa níbí dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, a dúpẹ́. Síbẹ̀ àwọn ìyókù, ọwọ́ ta ni wọ́n wà? Ọwọ́ àwọn ìyá tó jókòó síwájú mi yìí ni. Tí mo bá wá ń pe ìpàdé ìlera tí mi ò pè wọ́n, ta ni mò ń tàn?

Mo rí nǹkan kan nígbà kan, ó dùn mí. Ìyá àgbẹ̀bí kan rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára obìnrin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dúró wo ìṣẹ́jú, ó gbé e wá sí ọsibítù, òun fúnra rẹ̀ ló dì í mú lórí ọ̀kadà. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ òun náà gbindin. Bó ṣe wọlé, nọ́ọ̀sì kan lọgun mọ́ ọn níwájú gbogbo èèyàn: "Ẹ ó pa wọ́n tán kẹ́ ẹ tó gbé wọn wá! Ẹ bọ́ síta!" Wọ́n dá obìnrin náà lóhùn, ó yè. Ìyá àgbẹ̀bí dúró sí gbàgede títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó yè. Kò gbé ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀ mọ́. Ẹni mẹ́lòó ni èébú kan yẹn pa lẹ́yìn ìgbà náà? Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àga kan là bá fún un, ká ní, "Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè gbé e wá," ọ̀rẹ́ ọsibítù ni ì bá jẹ́ títí ayé.

Àwọn kan ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé kan ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, níbi tí àwọn aláìsàn ọpọlọ ti ń gbé pẹ̀lú ẹbí wọn láàárín àwọn ará abúlé, tí ó sì ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Dókítà tó kàwé ní òkè òkun ni, kò sì rò pé ìmọ̀ òun á bàjẹ́ bí òun bá jókòó ti babaláwo. Ní Oǹdó, lẹ́bàá wa níbí, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní 2009; nígbà tó yá wọ́n fi Agbẹ̀bíyè kún un, kí àgbẹ̀bí tó bá mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn ìjọba gba owó lórí rẹ̀, kí wọ́n sì kọ́ wọn ní iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Wọ́n mọ̀ pé a ò lè gba oúnjẹ lẹ́nu ìyá arúgbó ká tún ní kó máa rẹ́rìn-ín sí wa.

Àmọ́ ẹ̀yin ìyá, mi ò wá pọ́n yín lé o. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, gìrì, ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ bímọ fún rí, ọmọ tó fi ẹsẹ̀ tàbí ìdí ṣáájú, ìrọbí tó mú ilẹ̀ mọ́ tó mú ilẹ̀ ṣú: ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má kó oògùn ọsibítù sínú àgbo, ẹ má sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ gbé e wá. Bí ẹ bá fi í pamọ́ nítorí owó, a ó bá ara wa jà, mo fẹ́ràn yín lóòótọ́ o, ṣùgbọ́n a ó jà. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ̀yin àlùfáà, ẹ gbàdúrà fún un nínú ọkọ̀. Ọlọ́run á gbọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Owó wà, orúkọ ni kò sí

Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ̀rọ̀ báyìí, ẹnìkan á dìde, á ní owó ni wàhálà. Òótọ́ ni, àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ.

Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sínú àpò ìlera alábọ́ọ́dé. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè san. Ọ̀ṣun náà ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀. Aboyún, ọmọdé àti arúgbó tí kò lówó lọ́wọ́ lè forúkọ sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ẹ gbọ́ mi? Láìsan kọ́bọ̀. Mélòó nínú yín ló mọ ẹnìkan tó wà nínú rẹ̀? Ẹ nawọ́... Ẹ wò ó fúnra yín.

Ta ló mọ tálákà ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan? Ṣé ọ̀fíìsì ní Òṣogbo ló mọ̀ ọ́n? Wọ́ọ̀dù 332 ló wà ní Ọ̀ṣun, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ jókòó sórí àga kí wọ́n mọ opó tó ń sùn lẹ́yìn ọjà? Ìyálọ́jà ló mọ̀ ọ́n. Ìmáàmù mọ̀ ọ́n, torí àwọn ló ń pín sàká. Ẹni tí kò bá mọ èèyàn ní ilé ìjọba ni orúkọ rẹ̀ kì í wọ ìwé. Bí ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù bá ń jókòó lóòótọ́, tí ìyálọ́jà àti ìmáàmù sì wà níbẹ̀, orúkọ tó yẹ ni yóò wọlé. Mo ní bí ó bá ń jókòó lóòótọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ kan wà tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni wọ́n ti ń ṣèpàdé.

Àwọn nǹkan kan ò tiẹ̀ nílò Òṣogbo. Abẹ́rẹ́ oxytocin tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbímọ, inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Iná ń kọ́? Ẹ mọ iná wa. Mo mọ nọ́ọ̀sì kan tí fíríìjì ilé ìwòsàn rẹ̀ ti di kọ́bọ́ọ̀dù. Ó bá ìyá tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ṣàdéhùn, torí ìyẹn ní jẹnẹrétọ̀. Láràárọ̀, ọmọ ìyá náà á gbé yìnyín wá fún kúlà abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ń bá ìyá náà wo ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí lẹ́tà, kò sí mínísítà tó wá ṣí i. Èmi rò pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó dára jù tí mo ti rí láyé mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é bí òṣómàáló

Kókó ìkẹyìn rèé. Àwọn bàbá wa tó ń ta aṣọ láwìn, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Òṣómàáló kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù kí oníbàárà wá bá a. Ó gbé aṣọ dé oko olóko, ó mọ ilé oníkálukú, ó mọ ọjọ́ tí kòkó á di owó, ó ní ìwé tí orúkọ gbogbo wọn wà. Bí ọjọ́ bá pé tí o kò yọjú, òun á yọjú. Á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ, kò sì ní dìde. Àwọn ará ibòmíràn fi ń bú wa. Àwa fi kọ́lé.

Báwo làwa ṣe ń ṣe ní ilé ìwòsàn? Ẹni tó wá là ń tọ́jú, ẹni tí kò wá là ń bú. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì, ẹ ṣí i, ẹ ó rí orúkọ aboyún tó wá lẹ́ẹ̀kan tí kò wá mọ́. Ta ló lọ wò ó? Ẹ ó rí baba ẹlẹ́jẹ̀ ríru tó gba oògùn oṣù kan ní ọdún tó kọjá. Ta ló lọ bi í? Owó aṣọ là ń sá tẹ̀ lé, ẹ̀mí èèyàn là ń dúró dè.

Ní 1971, dókítà kan ní Wales, Julian Tudor Hart, kọ ọ́ pé ìtọ́jú tó dára a máa jìnnà sí àwọn tó nílò rẹ̀ jù. Kò dúró lórí ìwé kíkọ. Abúlé àwọn tó ń wa èédú ló ti ń ṣiṣẹ́, Glyncorrwg lorúkọ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ ẹ̀jẹ̀ ríru gbogbo àgbàlagbà abúlé náà. Àwọn tí kò wá, wọ́n lọ bá wọn nílé. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá yẹn, ìyá rẹ̀ ni kò sọ fún un. (Ẹ̀rín.)

Àwa náà ní awakùsà tiwa. Àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Atakúnmọ́sà, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ àlejò, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń fi ọwọ́ lásán po mákúrì, kẹ́míkà olóró tí wọ́n fi ń yọ góòlù, ọmọ wọn ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé tó wà nínú òkúta góòlù ti pa ọmọdé tó ju 400 lọ. Ilẹ̀ wa lè má rí bíi tiwọn, àmọ́ ta ló ń wò ó? Bí a bá ń sọ̀rọ̀ àìdọ́gba, tí a ń ka ọmọ onílẹ̀ nìkan, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, mo gbé ìwé kan wá, ó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Mo fẹ́ orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò) kan, àgbẹ̀bí kan, ọlọ́kadà kan tó máa gbé aláìsàn lóru, ìyálọ́jà kan, olórí ẹ̀sìn kan, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá tó ń bà yín lẹ́rù, àwọn olóyè tó jókòó yìí ti gbọ́. Káàdì pupa ni ẹ̀rí yín. Ọ̀rọ̀ owó epo, àwọn ìyálọ́jà ní àwọn á yọ díẹ̀ lára èésú ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún un, kí ọlọ́kadà gba owó rẹ̀ bó bá ti já aláìsàn sílẹ̀, kó má dúró dúnàádúrà lóru. Ìyálọ́jà, bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe wí, àbí? Ẹ ṣeun. Gbogbo èèyàn ti gbọ́.

Ẹni tí kò bá kọ orúkọ, mo bẹ àwọn tó ń pín jọ́lọ́ọ̀fù, ẹ má tíì fún un. Àbá tèmi nìyẹn, ó sì lè ní àléébù. Mo ti rí ìyá àgbẹ̀bí kan láti Ẹ̀rìn tó ti nawọ́ látìgbà tí mo ti sọ pé a ó jà. Ẹ gbé máìkì fún wọn, àwọn ni ká kọ́kọ́ gbọ́.